Ta Ló Yẹ Kó Béèrè? Òfin Ètò Ìlú àti Àyíká ní Gúúsù Áfíríkà

Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mi rí mọ̀ pé níkẹyìn, ilé epo ni mo máa ń já sí. Lónìí, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sáré la àwọn òfin kọjá, ẹ kúkú mọ̀ wọ́n. Abala 24 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà ti 1996 fún gbogbo ènìyàn lẹ́tọ̀ọ́ sí àyíká tí kò ní pa wọ́n lára. Òfin àyíká, NEMA, dé ní 1998. Ní 2000, Municipal Systems Act, òfin tó ń darí iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, pàṣẹ pé kánsù ìjọba ìbílẹ̀ tuntun kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ṣe ìwé ètò ìdàgbàsókè kan ṣoṣo, IDP, kí bí wọn yóò ṣe lo ilẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún. Kò sí ihò nínú ìwé. Àárín ọ́fíìsì kan sí èkejì ni ihò wà.

Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé epo sí White River, ní Mpumalanga. Àgbá epo yóò wọ ilẹ̀, omi sì wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ ọ̀hún. Àwọn tó ń ṣètò ìlú ti fọwọ́ sí i. Ó wá kan àwọn aláṣẹ àyíká. Wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ omi wò. Ṣùgbọ́n ṣé àdúgbò yẹn tiẹ̀ nílò ilé epo mìíràn? Wọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀ ti rí sí ìyẹn. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà!

Wọ́n pe àwọn aláṣẹ àyíká lẹ́jọ́. Ní 2007, ilé-ẹjọ́ tó ń rí sí òfin orílẹ̀-èdè kọ àwáwí wọn jálẹ̀. Adájọ́ Ngcobo ló kọ ìdájọ́ náà: ohun tí aṣètò ìlú ń wò yàtọ̀ sí ohun tí NEMA ní kí aláṣẹ àyíká wò, ẹnì kan kò sì lè fi ojú ẹnìkejì ríran. Èmi náà rò ó báyìí: bí ilé epo bá pọ̀ débi pé àwọn kan kógbá wọlé, ṣé àgbá wọn á bá wọn kógbá ni?

Àmọ́ o, àwọn tó pẹjọ́ kì í ṣe olólùfẹ́ ẹyẹ àti igi. Elépo bíi ti ẹni tó fẹ́ kọ́lé epo ni wọ́n! Adájọ́ Sachs kò tiẹ̀ bá àwọn yòókù lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi kan máa ń fi èyí bú mi, wọ́n ní ìdájọ́ tó ń fa ìdàgbàsókè sẹ́yìn ni. Bí mo bá ní kí wọ́n dárúkọ iṣẹ́ gidi kan tó tipa bẹ́ẹ̀ dúró, wọn a ní àwọn fẹ́ lọ mu tíì.

Wọ́n ti ń na ìwé sí mi pé ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó dáa. Ọdún 2010: ilé-ẹjọ́ náà ní ìjọba ìbílẹ̀ ló ni ètò ìlò ilẹ̀ ìlú, kì í ṣe ìgbìmọ̀ ìpínlẹ̀. Ọdún 2012, ẹjọ́ Maccsand, ilé-iṣẹ́ tó ń wa yanrìn: ìwé àṣẹ ìwakùsà ìjọba àpapọ̀ kò tó láti wa yanrìn ní Mitchells Plain, ní Cape Town, bí òfin ìlò ilẹ̀ kò bá gbà á. SPLUMA, òfin ètò àti ìlò ilẹ̀ ti 2013, ẹ lọ kà á fúnra yín.

Ìyá kan dìde lẹ́yìn, kò dúró de alága. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, gbogbo àwọn tí ẹ ń dárúkọ yìí, olówó ni wọ́n. Elépo, oníyanrìn, ìlú ńlá. Ẹni tí kànga rẹ̀ bàjẹ́ ńkọ́?"

Mo pa ìwé dé. Ẹ ṣeun, mà. Abala 32 nínú NEMA gba ẹnikẹ́ni láyè láti pẹjọ́ nítorí ire gbogbo ará ìlú. Bí ó bá tiẹ̀ pàdánù, tí ilé-ẹjọ́ sì rí i pé tọkàntọkàn ló fi pè é, wọ́n lè má dá owó ẹjọ́ lé e lórí. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ tó dé kóòtù rárá, Systems Act ní bí kánsù bá ní kí ará ìlú kọ èrò wọn wá, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kọ lè wá ní wákàtí iṣẹ́, kí òṣìṣẹ́ kan bá a kọ ọ́.

"Ṣé òṣìṣẹ́ ọ̀hún máa ń wà lórí ìjókòó, sà?"

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Kí n tó dáhùn, alága ti gba makirofóònù.