Ogun Àgìdìngbì: bí ìjà Èkó ṣe lọ, ọjọ́ kan tẹ̀ lé èkejì

Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ará wa. Etí ọ̀sà ni mo wà yìí, ní Ẹ̀bútẹ́-Èrò. Ẹ wo bàbá ọlọ́kọ̀ ọ̀ún. Ó ti ọ̀pá bọ omi báyìí, kò tíì wọlé dé ìdajì tó fi kan iyanrìn. Ẹ fi ọ̀pá yẹn sọ́kàn. Iyanrìn abẹ́ omi yìí gbèjà Èkó lọ́dún 1851.

Wọ́n máa ń sọ ọ́ bíi pé òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì dé, ó yìnbọn, Èkó ṣubú. Ó máa ń dùn mí, torí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọba Kòsọ́kọ́ ló wà lórí oyè nígbà náà. Lọ́dún 1845 ló lé Akítóyè, àbúrò bàbá rẹ̀, kúrò nílùú. Akítóyè gba Abẹ́òkúta dé Àgbádárìgì, ó bẹ òyìnbó pé kí wọ́n dá òun padà, òun á fòpin sí òwò ẹrú. Kòsọ́kọ́ ń ta ẹrú lóòótọ́, a ò gbọdọ̀ bò ó. Ṣùgbọ́n ojú òyìnbó wà lára epo pupa àti ọjà Èkó pẹ̀lú.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá ọdún 1851, John Beecroft, kóńsù, ìyẹn aṣojú ìjọba òyìnbó, kó ọkọ̀ ogun wọlé, àsíá funfun lókè. Ará Èkó ò fọkàn tán àsíá tó bá ìbọn rìn. Wọ́n yìnbọn lù wọ́n, ọ̀gá ológun méjì kú lára òyìnbó, àwọn yòókù sì padà sẹ́yìn.

Èkó mọ̀ pé wọ́n á tún wá. Ọ̀ṣọ́dì Tápà ni olórí ogun Kòsọ́kọ́. Wọ́n gbẹ́ yàrà sétí omi, wọ́n to àgbá, ìbọn ńláńlá, sí i, wọ́n sì gún igi mọ́ inú omi kí ọkọ̀ má baà rí ibi gúnlẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 26 oṣù kejìlá, ọjọ́ kejì Kérésìmesì. Ọkọ̀ eléèéfín méjì ló ṣáájú, Bloodhound àti Teazer. Teazer bá jókòó sórí iyanrìn! Kò lè lọ síwájú, kò lè padà, àgbá Èkó sì dojú kọ ọ́. Àfi kí àwọn ológun rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n lọ fi irin dí ihò tí wọ́n ń gbà tanná sí àgbá náà, kí wọ́n má baà lè yìn ín mọ́. Wọ́n ṣe é. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń padà sínú ọkọ̀ kéékèèké, ìbọn Èkó bò wọ́n, wọ́n sì gba ọkọ̀ kan lọ́wọ́ wọn. Ọjọ́ yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú òkú òyìnbó ṣubú. Ilẹ̀ ṣú, Èkó ṣì dúró.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni nǹkan yí padà. Teazer ti kúrò lórí iyanrìn, òyìnbó sì ń ju rọ́kẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan bọ́ sílé Ọ̀ṣọ́dì, níbi tí ẹ̀tù wà. Ẹ̀tù gbiná, ó bú gbàmù, iná ran láti òrùlé dé òrùlé títí ìlú fi ń jó. Ìró àgbá ọjọ́ wọ̀nyẹn ni wọ́n fi sọ ogun náà ní Àgìdìngbì. Àwọn mìíràn ń pè é ní Ogun Ahóyaya.

Lọ́jọ́ Àìkú, òyìnbó dáwọ́ ìbọn dúró. Kòsọ́kọ́ kó àwọn èèyàn rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú lọ, ó sì padà fìdí kalẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́. Akítóyè wọlé. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1852, ó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Bíi òyìnbó 15 ló kú, nǹkan bí 75 ló farapa.

Ọ̀ṣọ́dì padà sí Èkó lọ́dún 1862. Ibi tí àwọn tó bá a ti Ẹ̀pẹ́ dé tẹ̀dó sí ni Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó tí ẹ ń gbà kọjá yẹn.