Ọlọ́pàá Tí Kò Ní Ẹbí Nílùú

Ẹ káàbọ̀ o. Ìtàn àwọn ọlọ́pàá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń kó láti ilẹ̀ kan lọ sí òmíràn ni a mú wá lónìí, Èkó gan-an la ó sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1861 ni wọ́n gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú. Kò pẹ́ sí i ni Glover, òyìnbó tó ṣàkóso Èkó fún ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí àwọn ará Èkó ń pè ní Ọba Gólóbà, bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn Hausa jọ, ó kọ́ wọn ní ìbọn yíyìn, ó sọ wọ́n di ọlọ́pàá. Ẹrú tó sá fún olówó rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ẹ rò ó wò: ẹni tí wọ́n mú lẹ́rú láti òkè ọya, tó ti sìn nílẹ̀ Yorùbá, òun ló wá wọ aṣọ ìjọba yìí, tó gbé ìbọn kọ́ èjìká. Olówó rẹ̀ àná kò tó bẹ́ẹ̀ láti fọwọ́ kàn án mọ́.

Kí ló dé tí wọn ò fi gba ọmọ Èkó? Ọmọ onílùú ní bàbá, ó ní àna, ó ní ọba tó ń dọ̀bálẹ̀ fún. Bí wọ́n bá ní kó lọ mú ará ilé rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ á wúwo. Àlejò tí kò lẹ́bí nílùú, ìjọba nìkan ló mọ̀.

Nígbà tí ogun àárín Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn Àṣáńtì dé ní 1873, wọ́n kó àwọn Hausa Èkó lọ bá Glover ní Gold Coast, ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí. Ogun parí ní 1874, ṣùgbọ́n gbogbo wọn kọ́ ló padà wálé. Àwọn tó dúró síbẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ ọlọ́pàá Gold Coast sílẹ̀, èdè Hausa sì di èdè bárékè níbẹ̀.

Ibi tó dùn mí jù rèé. Ní oṣù Karùn-ún 1892, nígbà tí wọ́n gbógun ti Ìjẹ̀bú nítorí ọ̀nà òwò, Scott, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá Gold Coast, ló ṣáájú. Ó kó àwọn Hausa tirẹ̀ wá láti ọ̀hún, wọ́n sì dara pọ̀ mọ́ ti Èkó. Ìbọn Maxim, ìbọn tó ń yìn léraléra láìdúró, wà lọ́wọ́ wọn. Ní Ìmàgbọn, àwọn Ìjẹ̀bú jà, wọ́n kú bí ilẹ̀ bí ẹní, Ìjẹ̀bú-Òde sì bọ́. Ohun tí Èkó rán lọ sí Gold Coast ló padà wá jà nílẹ̀ Yorùbá yẹn.

Ní 1896, Scott yìí kan náà ló kó ogun wọ Kùmásì, olú ìlú Àṣáńtì, tí wọ́n fi mú Prempeh ọba wọn. Nígbà tí Yaa Asantewaa, obìnrin tó ṣáájú àwọn Àṣáńtì, dìde sí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní 1900, Èkó ni wọ́n tún ránṣẹ́ sí. Aplin, òyìnbó ọ̀gá ọlọ́pàá kan, kó àwọn Hausa Èkó, wọ́n jà títí wọ́n fi wọ Kùmásì. Ọdún 8 péré ló wà láàárín ìyẹn àti Ìmàgbọn. Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn nínú wọn ti yìnbọn níbi méjèèjì.