Kí Ló Kù Lọ́wọ́ Aráàlú Lẹ́yìn Àdéhùn?

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1381, àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí owó orí àti ìsìnrú ti sú ya wọ ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ọba Richard Kejì, ọmọ ọdún 14, pàdé wọn ní Mile End, ó sì gbà pé kò ní sí ìsìnrú mọ́. Àwọn akọ̀wé jókòó, wọ́n ń kọ ìwé àdéhùn. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ká ìwé tiwọn, wọ́n gba ilé lọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n pa Wat Tyler, olórí wọn, ní Smithfield. Kí oṣù Keje tó rìn jìnnà, ọba ti wọ́gi lé gbogbo ìwé yẹn.

Ìtàn yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbàkigbà tí ìjọba tí aráàlú dìde sí bá ní, “Ẹ jẹ́ ká jókòó sọ̀rọ̀.” N kò ní kí wọ́n má jókòó o. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ò sí ní títì ló máa ń rọrùn fún láti sọ pé a ò gba àbọ̀. Ohun tí mò ń bèèrè ni pé: lọ́jọ́ tí èrò bá tú ká, kí ló kù lọ́wọ́ aráàlú tó lè mú ìjọba pa àdéhùn mọ́?

Ẹ wo Sùdáànì. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2019, èrò jókòó pa síwájú olú ilé-iṣẹ́ ológun ní Khartoum títí àwọn ọ̀gágun fi yọ Omar al-Bashir. Èrò ò kúrò. Lọ́jọ́ 3 oṣù Kẹfà, àwọn ológun ya bò wọ́n. Àwọn tó kú lé ní 100. Inú ọ̀fọ̀ yẹn ni wọ́n ti tọwọ́ bọ àdéhùn ní oṣù Kẹjọ: ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni 11, ológun 5, aráàlú 5, àti ẹnì kan tí ìhà méjèèjì fọwọ́ sí. Ọ̀gágun ni yóò ṣe alága fún oṣù 21, aráàlú á wá gbà á fún oṣù 18. Lórí ìwé, ó fẹ́ẹ̀ dọ́gba. Ṣùgbọ́n àwọn ológun ló ń yan mínísítà ètò ààbò àti ti abẹ́lé, ìbọn ò kúrò níbi tó wà, ti aráàlú ló sì kẹ́yìn. Ibẹ̀ gan-an ló ń dùn mí. Nígbà tí ìgbà aráàlú ń sún mọ́lé, lọ́jọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Ọ̀gágun Burhan, alága ìgbìmọ̀ náà, fipá gbàjọba, ó sì ti Abdalla Hamdok, olórí ìjọba, mọ́lé. Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Hamdok tún bá a ṣe àdéhùn, ó padà sípò. Lọ́tẹ̀ yìí, ìgboro ní rárá: kò sí ìdúnàádúrà, kò sí àjọṣe, kò sí ìfọwọ́sí. N kò lè dá àwọn tó tọwọ́ bọ̀wé ní 2019 lẹ́bi; ẹni tó ń sìnkú ọmọ lọ́wọ́ a máa fẹ́ kí ikú dáwọ́ dúró. Àwọn tó kọ̀ ní 2021 náà sì jàre.

Ní Pólàndì, àbọ̀ tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ Solidarity gbà lọ́wọ́ ìjọba Kọ́múníìsì lọ́dún 1989 tilẹ̀ kéré sí i. Ìdá 35 péré nínú ọgọ́rùn-ún ìjókòó Sejm, ilé aṣòfin kékeré, ni wọ́n láyè láti du, àti gbogbo ìjókòó 100 ti ilé aṣòfin àgbà. Àwọn kan ní wọ́n ti ta ìjà. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ wọn tí ìjọba ti fòfin dè padà bófin mu, wọ́n sì ní ìwé ìròyìn tiwọn. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Wọ́n gba gbogbo ohun tí wọ́n lè du ní Sejm, wọ́n gba 99 nínú 100 ní ilé àgbà, nígbà tó sì di oṣù Kẹjọ, Tadeusz Mazowiecki, ọ̀kan lára wọn, di olórí ìjọba. (Òótọ́ ni pé ìjọba Soviet ní Moscow, tó jẹ́ ọ̀gá fún ìjọba Pólàndì ìgbà náà, ò fẹ́ rán ọkọ̀ ogun wá mọ́, ẹ má fojú fo ìyẹn.) Àbọ̀ ti Pólàndì fún wọn ní irinṣẹ́ tí wọ́n fi gba ìyókù. Ti Sùdáànì fún wọn ní ọjọ́ kan tí ẹni tó di ìbọn mú ń bá wọn tọ́jú.

Ọ̀rọ̀ àwọn tó pààyàn ló nira jù. Wọ́n ní bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Àwọn kan ń fi òwe yìí ní ká gbàgbé àwọn òkú. Kì í ṣe ohun tó sọ nìyẹn. Ó ní kí ọwọ́ kọ́kọ́ tẹ idà ná; ìbéèrè ṣì wà nílẹ̀. Àwọn tó lọ sídìí tábìlì lè gbà kí ẹjọ́ dúró díẹ̀. Wọn ò lágbára láti pa á rẹ́, nítorí wọn kọ́ ló bí ọmọ tó kú.

Ọ̀dọ́mọbìnrin kan wá bi mí pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, tó bá wá rẹ èrò ńkọ́?” Yóò rẹ̀ wọ́n. Ara kì í ṣe òkúta. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1992, lẹ́yìn tí wọ́n pa èèyàn tó lé ní 40 ní Boipatong, ní Gúúsù Áfíríkà, ẹgbẹ́ ANC tí Nelson Mandela ń darí dìde kúrò nídìí ìjíròrò pẹ̀lú ìjọba aláwọ̀ funfun. Ní oṣù Kẹjọ, àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ sì dákẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n padà sílé, wọ́n padà síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ 26 oṣù Kẹsàn-án, de Klerk, ààrẹ ìjọba náà, bá Mandela tọwọ́ bọ àdéhùn tuntun. Títì ti ṣófo lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n de Klerk mọ̀ pé àwọn tó daṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù tó kọjá ṣì lè dà á sílẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀.