Àdéhùn Owó Oṣù Tí Kò Ní Ìṣirò Nínú

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nínú gbọ̀ngàn kan ní Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn, lórí àdéhùn owó oṣù láàárín ìjọba àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nìyí. Mo tún un kọ kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè kà á. Mi ò yọ ìbéèrè tó gba ètò mọ́ mi lọ́wọ́ kúrò.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀gá mi tẹ́ ẹ ti fẹ̀yìn tì, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tẹ́ ẹ sáré kúrò ní Sẹkitéríàtì Àgodi wá síbí, ẹ kú ìjókòó.

Ẹni tí orí rẹ̀ bá ti funfun níbí kò nílò kí n ṣàlàyé Údójì fún un. Ní 1974, ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji jẹ́ alága rẹ̀ ní kí ìjọba fi kún owó oṣù. Ìjọba Gowon gbà, wọ́n sì san ti àwọn oṣù tó ti kọjá pa pọ̀. (Mo ní kí ẹni tó bá fi owó Údójì ra rédíò nawọ́. Ọwọ́ mẹ́rin ló lọ sókè. Bàbá kan ní ìyàwó kejì lòun fi tòun fẹ́, gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.) Bàbá tèmi ra rédíò onípákó. Ìyá mi fi aṣọ funfun bò ó, àwa ọmọ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ìyá mi yìí kan náà ló máa ń ti ọjà dé tí yóò ka ṣéńjì ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ọjà ti gbọ́ nípa Údójì kí òun tó débẹ̀. Ní 1975, àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ aládàáni náà daṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní àwọn ń fẹ́ tiwọn. Owó dé lóòótọ́. Ìwé tó sọ bí wọn yóò ṣe máa gbé e lọ́dọọdún ni kò dé.

Ohun tí mo ti ń wí bọ̀ náà ni mo tún wá wí: àdéhùn tí wọn ò so ìṣirò ọdún márùn-ún mọ́ nídìí, tí Ilé Aṣòfin àti ará ìlú ò rí i kí wọ́n tó buwọ́ lù ú, kò tíì di àdéhùn. Ìlérí ni.

Ẹ wò ó. Owó oṣù tó kéré jù jẹ́ ₦18,000 ní 2011, ó di ₦30,000 ní 2019. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje, 2024, Ààrẹ buwọ́ lu ₦70,000, wọ́n sì ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni wọn yóò máa tún un yẹ̀ wò, kì í ṣe márùn-ún mọ́. Ọ̀yọ́ fi tirẹ̀ sí ₦80,000. Ẹ jẹ́ ká mú òṣìṣẹ́ 1,000 péré ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Láti ₦30,000 sí ₦80,000, mílíọ̀nù 50 ló wọlé kún un lóṣù kan, mílíọ̀nù 600 lọ́dún. Ẹ fi owó oṣù kẹtàlá tí a ń gbà lọ́dọ̀ tiwa kún un, ó di mílíọ̀nù 650. A ò sì tíì gun àtẹ̀gùn rárá. Lẹ́fẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ipò òṣìṣẹ́ ìjọba, ń lọ láti 01 dé 17, kò sí 11 níbẹ̀. Bí ẹ bá gbé ti ìsàlẹ̀ nìkan sókè, mẹ́séńjà tó wọṣẹ́ lánàá yóò gba iye kan náà pẹ̀lú akọ̀wé tó ti lo ọdún mẹ́wàá. Nítorí náà, gbogbo tábìlì ló gbọ́dọ̀ sún. Ibẹ̀ ni ìjọba àti ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti máa ń jókòó di ọ̀gànjọ́, ibẹ̀ náà ni owó wà. ₦80,000 tí gbogbo wa ń pariwo, ẹnu ọ̀nà ni.

Àwọn kan máa ń lọ sórí rédíò pé òṣìṣẹ́ ò pọ̀, síbẹ̀ wọ́n ń jẹ owó gbogbo ìlú. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ èyí. Ẹni tó bá ka bíríkì ilé ìwòsàn sí ìdàgbàsókè, tó wá ka owó oṣù nọ́ọ̀sì sí òfò, ilé tí kò ní sí ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn rẹ̀ ló ń kọ́. Kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tiwa náà má sì torí èyí kọ ìṣirò. Ní 2015, owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, ìjọba àpapọ̀ ní láti gbé owó jáde fún àwọn ìpínlẹ̀ kí wọ́n lè san owó oṣù. Àdéhùn wà nínú fáìlì, ìdérí ò kúrò lórí ìkòkò.

Mo fẹ́ bọ́ sórí owó tó ń wọlé nígbà tí ìyá kan dìde láàárín gbọ̀ngàn, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ó ní, “Ọmọ mi, àwọn tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lo ń sọ láti àárọ̀. Àwa tá a ti kúrò ńkọ́?” Ó tú ìwé kan jáde láti inú náílọ̀n méjì. Òǹtẹ̀ búlúù orí rẹ̀ ti ń parẹ́, ojú ibi tí wọ́n ṣẹ́ ẹ pọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já.

Mo ní ẹ ṣeun mà, mo sì pa ìwé tèmi dé. Nínú ètò ìfẹ̀yìntì àtijọ́, ẹni tó bá pé ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́ ń gba gratuity, owó ìdágbére tí wọ́n ń san lẹ́ẹ̀kan, tó jẹ́ owó oṣù ìkẹyìn rẹ̀ fún odidi ọdún mẹ́ta, ó tún ń gba ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù náà gẹ́gẹ́ bíi pẹ́ńṣọ̀n. Bí ó bá ń gba ₦150,000 lóṣù, gratuity rẹ̀ jẹ́ mílíọ̀nù 5.4. Bí àdéhùn bá gbé e dé ₦200,000 kó tó kúrò, ó di 7.2. Mílíọ̀nù 1.8 lórí ẹnì kan ṣoṣo, ta ló kọ ọ́ sínú bọ́jẹ́ẹ̀tì lọ́jọ́ ìbuwọ́lùwé? Òfin orílẹ̀-èdè, abala 210, ní kí wọ́n máa tún pẹ́ńṣọ̀n yẹ̀ wò lọ́dún márùn-ún márùn-ún tàbí nígbà tí owó oṣù bá sún, èyíkéyìí tó bá yá. Ẹni tó kúrò ṣáájú ńkọ́, tí wọn ò tíì san tirẹ̀? Iye orí ìwé rẹ̀ dúró, ọjà Bódìjà ni kò dúró. Ìjọba tó ń fi í falẹ̀ ń yá owó lọ́wọ́ arúgbó láìsan èlé, kò sì bi í bó bá fẹ́ yá wọn.

Alága lu agogo. Mo sáré sọ ìyókù: owó tó ń ti Àbújá wá pọ̀ sí i lẹ́yìn tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, ẹ má fi í ṣe òpó ilé, ẹ yọ orúkọ òkú kúrò nínú ìwé owó oṣù, ẹ ya owó gratuity sọ́tọ̀ lóṣooṣù.

Lẹ́yìn ètò, ìyá náà ní kí n bá òun ṣírò tirẹ̀. A jókòó sórí àtẹ̀gùn níta, mo fi fóònù ṣe é, mo kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ètò ọjọ́ náà. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní kí n kọ déètì sí i. Mo kọ ọ́. Ó ṣẹ́ ẹ pọ̀ mọ́ ti àkọ́kọ́, ó dì í padà sínú náílọ̀n.