Ará Èkìtì ní Lọ́ńdọ̀nù: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Ẹsẹ̀ àti Ọwọ́ Kọ́

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ará Èkìtì tí ẹ ń wò wá, láti Adó títí dé Ìkọ̀lé, láti Ẹ̀fọ̀n títí dé Òmùò. Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò sí Lọ́ńdọ̀nù ni a gbé dé lónìí, ẹni tí yóò lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ ni a sì ń bá sọ ọ́: ìyá tí ó fẹ́ lọ kí ọmọ-ọmọ rẹ̀ tuntun, bàbá tí àwọn ọmọ ránṣẹ́ sí pé kí ó wá sinmi, tàbí ẹni tí ó kàn fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ mélòó kan wo ìlú. Òtútù àti àwọn òṣìṣẹ́ ìwọlé ní pápákọ̀ òfurufú ni irú èèyàn bẹ́ẹ̀ máa ń bẹ̀rù jù. Àwọn méjèèjì ní ìtọ́jú tiwọn, a ó sì kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n ìṣesí tí ó ti mọ́ wa lára nílé, tí kò sì ní àbùkù kankan nílé, ni ó ń kó àlejò sí wàhálà jù lọ ní ìlú náà, nítorí pé ara ti ṣe é tán kí ọkàn tó rò ó.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti ojú títì. Ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní Ìlú Ọba. Àwọn àgbà tí ó wà láàárín wa yóò rántí pé ọwọ́ òsì ni àwa náà ń gbà tẹ́lẹ̀, títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 tí ìjọba yí gbogbo ọkọ̀ Nàìjíríà sí ọwọ́ ọ̀tún. Láti ìgbà náà ni ọrùn wa ti kọ́ ọ: bí a bá fẹ́ sọdá títì ní Fájùyì, apá òsì ni ojú kọ́kọ́ ń lọ, nítorí pé ibẹ̀ ni ọkọ̀ tí ó sún mọ́ wa jù ti ń bọ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, apá ọ̀tún ni ọkọ̀ yẹn ti ń yọ, àlejò tí ó wo òsì tí kò rí nǹkan kan yóò sì gbé ẹsẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ sí iwájú bọ́ọ̀sì. Ẹ wo àwòrán tí ó wà níwájú yín yìí. Ìjọba ìlú náà mọ̀ pé àlejò pọ̀ láàárín àwọn, wọ́n sì fi lẹ́tà funfun gàdàgbà kọ ọ́ sórí títì gan-an, níbi tí ẹsẹ̀ ẹni tí ó fẹ́ sọdá yóò ti kọ́kọ́ balẹ̀, pé kí ó wo ọ̀tún. Níbi tí ọ̀nà bá ti yí padà, wọn yóò kọ ọ́ pé kí ó wo òsì. Ẹ tẹ ojú mọ́lẹ̀ kí ẹ kà á, kí ẹ sì tún wo ọwọ́ kejì, nítorí àwọn oníkẹ̀kẹ́ ológeere ní ọ̀nà tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, èyí tí ó sì ń fi iná ṣiṣẹ́ nínú àwọn kẹ̀kẹ́ náà kì í dún rárá.

Kẹ̀kẹ́ oníná yìí kan náà ni àwọn olè fóònù ń gùn. Bí ó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Àlejò jáde láti ibùdó ọkọ̀ ojú irin, kò mọ ọ̀nà, ó bá dúró sí etí títì, ó yọ fóònù, ó nà án síwájú kí ó lè rí àwòrán ọ̀nà dáadáa. Ẹni tí ó bo ojú, tí ó wọ dúdú láti orí dé ẹsẹ̀, gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti ẹ̀yìn, ó ká fóònù náà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni ká èso, ó sì ti dé orígun kejì kí ẹni tí wọ́n jà lólè tó mọ̀ pé ọwọ́ òun ti ṣófo. Nílé, etí títì ni a máa ń sún sí kí á lè gbọ́ ìpè dáadáa. Ibi tí ó burú jù lọ láti dúró ní Lọ́ńdọ̀nù nìyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ wo ọ̀nà, ẹ wọ inú ṣọ́ọ̀bù, tàbí kí ẹ fi ẹ̀yìn ti ògiri, kí fóònù wà lápá ilé, kí ó má ṣe wà lápá títì. Ní ilé oúnjẹ, ẹ má gbé e lé orí tábìlì, nítorí àwọn kan máa ń wá fi bébà ńlá tẹ́ orí tábìlì bí ẹni pé wọ́n ń bèèrè ọ̀nà, bébà náà àti fóònù a sì jọ lọ.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ tẹ *#06# lórí fóònù yín. Nọ́ńbà gígùn tí ó bá jáde ni ẹ kọ sínú ìwé, nítorí òun ni a fi lè sọ fún ọlọ́pàá irú fóònù tí ó sọnù, òun náà ni ilé iṣẹ́ tẹlifóònù yóò fi dí i pa. Bí wọ́n bá sì já a gbà, ẹ má sáré lé olè. Ẹ yá fóònù ẹlòmíràn, kí ẹ kọ́kọ́ pe báǹkì, nítorí owó tí ó wà nínú fóònù sábà máa ń pọ̀ ju owó fóònù lọ.

Bí fóònù bá lọ, ibo ni ẹ ń gbé? Ìbéèrè yìí ti mú kí àgbàlagbà jókòó sí ibùdó bọ́ọ̀sì títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní Adó, a lè sọ fún àlejò pé bí ó bá dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, kí ó bèèrè ilé bàbá tí ń ta pákó, yóò sì débẹ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù, aládùúgbò lè má mọ orúkọ ẹni tí ó wà ní ilé kejì, orúkọ òpópónà kan náà sì lè wà ní agbègbè bíi márùn-ún. Kóòdù àdírẹ́ẹ̀sì ni ó ń yà wọ́n sọ́tọ̀, irú èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SE15 fún Peckham, agbègbè kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ kọ àdírẹ́ẹ̀sì ilé pẹ̀lú kóòdù rẹ̀ àti nọ́ńbà ẹni tí ẹ dé sí lọ́dọ̀ sórí bébà, kí ẹ fi í sínú àpò aṣọ tí ẹ wọ̀, kí ó má jẹ́ inú báàgì.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí pápákọ̀ òfurufú. Ní ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ìwọlé, ìdáhùn kúkúrú tí ó jẹ́ òótọ́ ni ẹ fi pàdé ìbéèrè. Wọn yóò fẹ́ mọ ohun tí ẹ wá ṣe, ibi tí ẹ ó dé sí, ọjọ́ tí ẹ ó padà àti ẹni tí yóò náwó, nítorí náà kí àwọn ìwé tí ó kan ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wà nínú báàgì ọwọ́. Físà àlejò sábà máa ń fàyè gba oṣù 6, kò sì fàyè gba iṣẹ́ owó, ìbáà ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n ẹni. Ẹni tí owó tí ó mú dání bá tó 10,000 pọ́n-ùn gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún àwọn aṣọ́bodè.

Ọ̀rọ̀ ẹrù kò gùn. Ẹran àti ohun tí a fi wàrà ṣe kò gbọdọ̀ wọlé láti Nàìjíríà, ìbáà jẹ́ ẹran ìgbẹ́ yíyan tí a fi ewé dì tàbí kílíṣí tí a rà lọ́nà. Wọn yóò gbà á, wọn yóò sì dà á nù lójú yín. Gàrí, èlùbọ́, irú àti epo pupa wà ní Peckham lọ́pọ̀ yanturu. Iṣu pàápàá wà, ti Gánà ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ará Èkìtì bá gbọ́ iye tí wọ́n ń tà á, ó di dandan kí ó mí kanlẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ti gba ẹrù tán, ẹ ó jáde sí gbọ̀ngàn tí èrò pọ̀ sí. Ní gáréèjì wa, àwọn agbèrò a máa já báàgì gbà lọ́wọ́ ẹni, a kì í sì í bínú, nítorí pé bí iṣẹ́ wọn ṣe rí nìyẹn. Bí ẹnì kan bá yọ sí yín ní pápákọ̀ òfurufú Heathrow, tí ó ní, "Ìyá, ẹ kú àbọ̀ o, ṣé ẹ fẹ́ mọ́tò? Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e," Yorùbá yẹn lè dùn létí lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ nínú bàálù, ṣùgbọ́n ẹ má tẹ̀ lé e. Takisí dúdú nìkan ni òfin gbà láyè láti gbé èrò tí kò ti ránṣẹ́ pè é ṣáájú. Gbogbo mọ́tò yòókù, orí fóònù tàbí lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ wọn ni a ti ń pè é. Ẹni tí ó bá ń wá èrò kiri nínú gbọ̀ngàn ti rú òfin, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ iye tí yóò bèèrè nígbà tí ẹ bá débẹ̀.

Ọkọ̀ ojú irin rọjú ju takisí lọ, ó sì wọ pápákọ̀ náà gan-an. Káàdì báǹkì tí a kàn ń fi kan ẹ̀rọ tó láti wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ bi báǹkì yín léèrè kí ẹ tó kúrò nílé bóyá káàdì yín yóò ṣiṣẹ́ lókè òkun. Bí kò bá ní ṣiṣẹ́, ẹ ra káàdì Oyster, èyí tí a ń kó owó ọkọ̀ sí. Nínú ọkọ̀ ojú irin, ẹ ó fi káàdì kan ẹ̀rọ ní ìwọlé, ẹ ó sì tún fi káàdì kan náà kàn án ní ìjáde, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, owó tí ó ga jù ni wọn yóò yọ. Ẹni tí wọ́n bá bá nínú ọkọ̀ láìsan owó, ìtanràn 100 pọ́n-ùn ni. Nínú bọ́ọ̀sì, ìwọlé nìkan ni a ti ń kàn án, láti ọdún 2014 ni wọn kò sì ti gba owó lọ́wọ́ mọ́, nítorí náà ẹ má ṣe na owó sí awakọ̀. Kò sí kọ́ńdọ́ tí a ó pariwo "ó wà o" sí; bọ́tìnì pupa wà lára òpó, ẹ tẹ̀ ẹ́ kí ọkọ̀ tó dé ibi tí ẹ ń lọ. Láti ọdún 1863 ni ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ wọn ti ń ṣiṣẹ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ibùdó àtijọ́ náà kò fi ní líìfùtì tí ń gbé èèyàn gòkè; ẹni tí ó bá ní àpótí méjì àti orúnkún tí ń dùn ún, kí ó jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wá pàdé rẹ̀. Lórí àtẹ̀gùn tí iná ń gbé, ẹ dúró sí ọwọ́ ọ̀tún, kí ẹ fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ fún ẹni tí ń kánjú.

Àwọn gbájúẹ̀ náà ní ibi tí wọ́n ń pàtẹ sí. Lórí afárá Westminster, ẹ ó rí ẹni tí ó da ife mẹ́ta bolẹ̀, tí ó fi bọ́ọ̀lù kékeré sábẹ́ ọ̀kan, tí àwọn èèyàn yí i ká, tí wọ́n ń fi owó ta á, tí wọ́n sì ń jẹ. Àwọn tí ń jẹ yẹn, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn.

Òtútù nìyí wàyí. Ẹni tí ó bá rò pé ọyẹ́ ti kọ́ òun ní òtútù yóò rí i pé ọyẹ́ a máa ká kúrò bí oòrùn bá yọ. Oòrùn oṣù kìíní ní Lọ́ńdọ̀nù kò mú nǹkan kan gbóná. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta tí a wọ̀ lé ara wọn sàn ju ẹyọ kan tí ó nípọn lọ. Ní oṣù Kejìlá, ilẹ̀ a ti máa ṣú kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, nítorí náà ẹ jáde ní òwúrọ̀. Ní oṣù kẹfà, ìmọ́lẹ̀ a ṣì wà ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, àgbà a sì máa rìn kiri láìmọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù ti ń tì. Ní ìgbà òtútù, aago wọn fi wákàtí kan lẹ́yìn tiwa. Láti ọjọ́ Àìkú tí ó kẹ́yìn oṣù kẹta títí di èyí tí ó kẹ́yìn oṣù kẹwàá, aago wa dọ́gba.

Oògùn tí ẹ ń lò lójoojúmọ́, ẹ kó o dání nínú páálí rẹ̀ pẹ̀lú ìwé dókítà, nítorí oògùn apakòkòrò tí a ń rà ní kẹ́mísì nílé kò ṣeé rà níbẹ̀ láìsí ìwé dókítà. Ìtọ́jú ní ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn kò gba owó, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá àlejò dúró sórí bẹ́ẹ̀dì, owó ńlá ni, nítorí náà ẹ ra ìwé adójútòfò ìrìn àjò. Bí ara bá sì gbóná láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ẹ débẹ̀, ẹ tètè sọ fún dókítà pé láti Nàìjíríà ni ẹ ti dé, kí wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún ibà. Àìsàn tí àwa mọ̀ bí ẹni mọ owó, dókítà ibẹ̀ lè má ronú kàn án bí a kò bá sọ.

Òfin ìlú náà tún le níbi tí a kò fọkàn sí. Ọ̀bẹ tí ìyá ń fi bó ọsàn, tí ó wà nínú báàgì rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ̀ṣẹ̀ ni láti gbé e kiri níta láìsí ìdí gúnmọ́. Ata fífọ́n síni lójú tí àwọn ọmọbìnrin ń mú dání fún ààbò kò bófin mu rárá. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi owó lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, kódà bí ẹni tí ń dúpẹ́. Bí ewu bá dé, ẹ pe 999. Bí ó bá jẹ́ pé olè ti lọ tán, 101 ni ti ọlọ́pàá. Bí ara kò bá yá ṣùgbọ́n tí kò tó pàjáwìrì, 111 ni. Ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa lè sọ fún wọn pé Yorùbá ni òun ń sọ.

Kò sí òfin tí ó ní kí àlejò máa gbé ìwé ìrìnnà rẹ̀ kiri. Ẹ tì í mọ́ ibi kan nílé, kí ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀ dání. Bí ó bá sọnù, ẹ kọ́kọ́ fi tó ọlọ́pàá létí kí wọ́n fún yín ní nọ́ńbà ẹjọ́, lẹ́yìn náà ẹ mú ẹ̀dà náà àti nọ́ńbà yẹn lọ sí ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Northumberland Avenue, níbi tí wọ́n ti lè fún yín ní ìwé pàjáwìrì tí ẹ ó fi padà wálé.