Pákó kan, ojú irin mẹ́ta: bí mo ṣe kọ́ téṣàn rélùwéè sórí kọ́bọ́ọ̀dù mi ní Ìlọrin

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Kí n tó sọ nǹkan kan, ẹ kọ́kọ́ wo nǹkan tó wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù yìí dáadáa. Pákó kan ṣoṣo ni, ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ní gígùn, ẹsẹ̀ bàtà kan péré ní fífẹ̀, ṣùgbọ́n téṣàn rélùwéè odindi ló wà lórí ẹ̀ yẹn, ojú irin mẹ́ta, ilé ẹrù onípáànù, igi máńgòrò méjì, kọ̀rọ̀pẹ̀ kan tó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ tó ń retí èrò. Wọ́n máa ń ki Ìlọrin pé ẹṣin leégún ilé wọn. Ó dáa. Èmi ọmọ Ọ̀fà tó wá ń gbé Ìlọrin, rélùwéè leégún yàrá tèmi.

Ẹni tó bá wọlé tó rí i, ohun tó máa kọ́kọ́ sọ ni pé "ẹ̀gbọ́n, eléyìí á ti jẹ owó o". Kò jẹ tó bẹ́ẹ̀ jàre. Nǹkan méjì péré ni mo fowó gidi rà níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì àti ojú irin. Púpọ̀ nínú ìyókù, inú páálí ni mo ti rí i, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ Sawmill, ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì, àti abọ́ tí wọ́n fi gbé ìrẹsì fún mi nílé ìyàwó.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n la máa kọ́kọ́ yanjú torí ibẹ̀ lèèyàn ti máa ń fowó ṣòfò. Tẹ́ ẹ bá lọ wá rélùwéè kékeré rà, ẹ ó rí HO, ẹ ó rí OO, ẹ ó rí N. HO, ìdá kan nínú 87 nǹkan gidi ni, OO táwọn ará Bìrìtìkó ń lò, ìdá kan nínú 76, N ìdá kan nínú 160. HO àti OO yẹn, ojú irin kan náà ni wọ́n jọ ń gùn, mìlímítà 16.5 ló wà láàárín irin ọ̀tún àti tòsì. Ti N, mìlímítà 9. N máa ń wu èèyàn torí pé kò gba àyè, èmi ò gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀ ṣá, ó kéré débi pé eruku díẹ̀ báyìí á dá a dúró, tí ìkọ́ ẹ̀ bá sì jábọ́ sílẹ̀, ẹ̀yin àti ìgbálẹ̀ lẹ jọ máa wá a.

Wàyí o, ojú irin tó gba Ọ̀fà kọjá, tó dé Ìlọrin lọ́dún 1908, tó dé Jẹ́bà lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe láti Èkó sí Ìbàdàn. Tuntun yẹn fẹ̀, mìlímítà 1435 ló wà láàárín irin ẹ̀ méjèèjì, tàtijọ́ tiwa, 1067. Ẹ gbé kakulétọ̀ fóònù yín jáde, ẹ fi 16.5 pín 1067. Ẹ rí i? 64 àti díẹ̀. Ìyẹn ni pé tó bá jẹ́ rélùwéè tàwọn bàbá wa wọ̀ lọ sókè Ọya lẹ fẹ́ ṣe, ojú irin HO tó pọ̀ níta yẹn náà ló bá a mu rẹ́gí, kìkì pé ilé, èèyàn, igi, gbogbo ẹ̀ lẹ máa ṣe ní ìdá kan nínú 64. Àwọn kan ní New Zealand àti Australia, níbi tí ojú irin oní-1067 wà bíi tiwa, ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Èyí tó wá dùn mọ́ mi jù ni pé àwọn mọ́tò ọmọdé onírin tó gba àtẹ́lẹwọ́ yẹn, púpọ̀ nínú wọn, ìdá kan nínú 64 náà ni, tàbí kó súnmọ́ ọn. Kọ̀rọ̀pẹ̀ tí mo ní kẹ́ ẹ wò lẹ́ẹ̀kan, Ọjà Ọba ni mo ti rà á lọ́wọ́ màmá kan tó ń ta bàlúù àti ohun ìṣeré ọdún, wọ́n tiẹ̀ bi mí pé ọmọ mi ti tó ọdún mélòó, mo ní ó ti ń dàgbà mà. Èèyàn tó bá ga tó mítà 1.7, tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ di ìwọ̀n yìí, bíi mìlímítà 27 ló máa jẹ́, oríkèé ìka kan báyìí. Tẹ́ ẹ bá ti fi 64 sọ́kàn, kò sí nǹkan tẹ́ ẹ máa rí nílẹ̀ tẹ́ ẹ ò ní máa wọ̀n lójú.

Ó dáa, pákó ńkọ́. Àjákù pláíwúùdù ni, káfíńtà kan ní Sawmill fẹ́ sọ ọ́ nù, mo kan igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì sábẹ́ ẹ̀ kó má baà tẹ̀, ó tán. Mo gbé e sókè kọ́bọ́ọ̀dù torí ikán.

Ẹ ó rí i pé mi ò ṣe é róbótó. Gbogbo ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ ló máa ń fẹ́ kí rélùwéè máa yí po, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́, irin tẹ́ ẹ máa tẹ̀ láti fi yí po yẹn, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí kóòṣì gba orí ẹ̀ láìṣubú, pákó tó fẹ̀ tó mítà kan ló máa gbà, yàrá tán nìyẹn, bẹ́ẹ̀dì á bọ́ sí kọ́rídọ̀. Tó bá sì ti yí po bíi ìgbà mẹ́wàá, ó ti sú yín, ó wá dà bí ẹṣin tí wọ́n so mọ́ èèkàn.

Tèmi, gbọọrọ ni. Òyìnbó kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Alan Wright ló gbé ètò ẹ̀ jáde, Inglenook ni wọ́n ń pè é. Ojú irin mẹ́ta, pọ́ìntì méjì péré ló ń pín wọn, ìyẹn irin tó ń darí ẹ́ńjìnnì sójú irin tẹ́ ẹ bá fẹ́. Ojú irin tó gùn jù gba wágọ́ọ̀nù (ọkọ̀ ẹrù tí ẹ́ńjìnnì ń fà) márùn-ún, àwọn méjì tó kù gba mẹ́ta mẹ́ta, ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń fà jáde gba òun àti wágọ́ọ̀nù mẹ́ta, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wágọ́ọ̀nù kúkúrú mẹ́jọ lẹ máa ní. Ẹ kọ nọ́ńbà sára wọn, ẹ kọ ọ́ sínú bébà, ẹ ká a, ẹ dà á sínú ife, ẹ fa márùn-ún yọ. Bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe jáde tẹ̀ léra, bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe máa to wágọ́ọ̀nù márààrún sójú irin gígùn, tí-síwájú fà-sẹ́yìn, ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ gbé e. Ọ̀nà 6,720 ló wà tí márùn-ún fi lè jáde látinú mẹ́jọ, ẹ ò lè ṣe é tán. Mo ti jókòó ti nǹkan yìí láti lẹ́yìn Ìṣà títí wọ́n fi ń bi mí pé ṣé mi ò ní jẹun ni.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ẹ́ńjìnnì, ẹ ra tókunbọ̀, ṣùgbọ́n ẹ mú bátìrì oní-volt 9 dání, onígun mẹ́rin kékeré yẹn. Ẹ fi ẹnu bátìrì kan kan táyà ọ̀tún, ìkejì kan tòsì. Tí táyà bá yí, ẹ sanwó. Tí kò bá yí, tí ẹni tó ń tà á bá ní "ó ń ṣiṣẹ́ o, eruku ló wà nínú ẹ̀", ẹ ní kó gbọn eruku ẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ tó sanwó. Ojú irin ńkọ́, ẹ má ra èyí tí wọ́n fi irin lásán ṣe, òjò Ìlọrin kan ló máa fi dógùn-ún. Ẹ béèrè nickel silver. Kò sí fàdákà kankan nínú ẹ̀ o, kọ́pà, nickel àti síǹkì ni, ṣùgbọ́n kì í dógùn-ún.

Iná ẹ̀ ò le. Irin ọ̀tún gbé iná kan, tòsì gbé ìkejì, táyà irin ẹ́ńjìnnì gbà á wọnú mọ́tọ̀, mọ́tọ̀ yí. Volt 12 ló pọ̀ jù, ráútà mi kan ti bàjẹ́, àdápútọ̀ ẹ̀ ni mo lò, èyí tí wọ́n kọ 12V DC àti 1A sí lára, mo wá ra bọ́ọ̀dù kékeré tó ń dín eré mọ́tọ̀ kù lọ́dọ̀ àwọn tó ń tún rédíò ṣe, mo fi súwíìṣì kan kún un tó ń pààrọ̀ wáyà méjèèjì, tẹ́ ẹ bá ti pààrọ̀ wọn, ẹ́ńjìnnì á máa fi ẹ̀yìn rìn. Ẹ má fọwọ́ kan ìhà iná ògiri rárá, àdápútọ̀ tó ti wà nínú ilé ẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò bó ṣe wà. Tí iná bá lọ, tẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ó máa lọ, bátìrì volt 12 kan pẹ̀lú fíúsì á gbé e.

Ibi tí mo ti jìyà rèé. Ojú irin tí mo kọ́kọ́ ṣe, kí n tó gbọ́n, mo ṣe é kó jáde lọ, kó ṣẹ́rí, kó padà wá bá ara ẹ̀, bí ìgbà téèyàn ta okùn ní kókó. Ó rẹwà! Mo tan án, ẹ́ńjìnnì ò mira, àdápútọ̀ wá ń gbóná, mo ń gbóòórùn. Mo tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀ tán lódindi kí n tó rí i pé irin ọ̀tún tó yí po yẹn, tòsì ló padà wá so mọ́. Iná méjèèjì pàdé ara wọn lójúkorojú. Ẹ́ńjìnnì ò ṣẹ nǹkan kan.

Ẹ sún mọ́ bí, páànù ilé ẹrù yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí. Àwọn èèyàn máa ń ní ká bó ojú páálí, ká lo ìgbì inú ẹ̀ bíi páànù, ṣùgbọ́n ó ti fẹ̀ jù, á dà bíi pé òkè ni wọ́n kó sórí ilé. Páànù gidi àtijọ́, láti orí ìgbì kan sí ìkejì, bíi mìlímítà 76 ni. Ẹ fi 64 pín in, ó lé díẹ̀ ní mìlímítà kan. Kí ló wà nílẹ̀ tó ní ìlà tó súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀? Bóòtù tí sípánà 13 ń tú! Eyín ara ẹ̀, mìlímítà 1.25 ló wà láàárín wọn. Mo gé fóìlì abọ́ ìrẹsì yẹn, mo tẹ́ ẹ sórí àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì rọ́bà tó rọ̀, mo wá ń yí bóòtù lórí ẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀, ó ń dún kẹrẹkẹrẹ, ìlà ń jáde. Ẹ gé e ní mìlímítà 38 sí 12, páànù kan nìyẹn, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ ẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè kí tòkè lè gun tìsàlẹ̀ bí àwọn tó ń kan páànù ṣe ń ṣe. Ìdógùn-ún ara ẹ̀ tẹ́ ẹ ń rí yẹn, osùn ni. Osùn díẹ̀, omi gọ́ọ̀mù díẹ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì pa á láti òkè wá sílẹ̀ torí ibi tí òjò ń gbà nìyẹn. Kódà bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí gbé ojú sún mọ́ ọn, ó fi ìka kàn án, ó wo ìka ẹ̀.

Ilẹ̀ ẹ̀, yangí tí mo gún tí mo fi asẹ́ jọ̀. Koríko, ìyẹ̀ pákó tí mo rẹ sínú ọ̀dà aláwọ̀ ewé tí mo sá sóòrùn. Orí igi máńgòrò, kànìnkànìn ìbílẹ̀ tí mo tú ká. Òkúta abẹ́ irin, yanrìn ni, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tò ó sáàárín irin, ẹ wọ́n omi tẹ́ ẹ kán ọṣẹ ìfọbọ́ sí lé e lórí, ọṣẹ yẹn ṣe pàtàkì, láìsí i ńṣe ni gọ́ọ̀mù á dúró lójú yanrìn bí ìrì lórí ewé kókò, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fi síríńjì kán gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà tẹ́ ẹ ti là mọ́mi, ìdajì ìdajì. Ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ẹ má lo gọ́ọ̀mù ṣúmékà lórí fóòmù páálí tẹlifíṣọ̀n o, ó máa jẹ fóòmù yẹn lójú yín, òkè kékeré tí mo fẹ́ ṣe sí igun yìí ló di ihò.

Ọyẹ́ ni ọ̀tá ẹ̀. Ìgbà ọyẹ́, bẹ́ ẹ bá nù ún láàárọ̀, ìrọ̀lẹ́ eruku ti bo irin, iná ò kọjá, ẹ́ńjìnnì á máa rìn bí ẹni tí ẹ̀gún gún. Spírítì ilé kẹ́míìsì, aṣọ funfun, ẹ nu orí irin, kẹ́ ẹ sì nu táyà pẹ̀lú, ẹ dẹ̀ fi aṣọ bò ó tẹ́ ẹ bá ti ṣeré tán. Pákó náà máa ń sún kì lọ́yẹ̀ẹ́, á wú lójò, torí náà níbi tí irin méjì ti pàdé, ẹ fi àlàfo tí káàdì fóònù lè wọ̀ sílẹ̀.

Ó yá. Èyí tí mo fà nínú ife lónìí: 4, 7, 1, 8, 2. Wágọ́ọ̀nù 7 ló wà nísàlẹ̀ pátápátá lójú irin kẹta, 3 àti 5 ló dí i, kò burú. Mo ti yí pọ́ìntì. Ẹ dákẹ́ díẹ̀, ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún tó bá gba orí ìsopọ̀ yẹn, kátá-kátá, kátá-kátá... áà, ó ti jábọ́ lójú irin. Ẹ má bínú, ẹ jẹ́ n gbé e padà.