Ògbufọ̀ Tí NEURON Ń Béèrè: Windows, Mac àti Linux

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin ará. Ìkòròdú ni mo wà, lọ́nà Ọ̀dọ̀gùnyàn, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń gbé láptọ́ọ̀pù wọn wá bá mi. Ohun kan náà ni púpọ̀ nínú wọn ń sọ: "Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbé NEURON sórí ẹ̀rọ, àmọ́ kò dá mi lóhùn."

Sọ́fúwíà ọ̀fẹ́ ni NEURON, iṣẹ́ ọwọ́ Michael Hines àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Yale. Òun la fi ń kọ́ àwòṣe sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ sínú kọ̀ǹpútà, ká lè wo bí iná ṣe ń gba ara rẹ̀ kọjá.

Ibi tí wàhálà wà rèé. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí sódíọ̀mù àti potasíọ̀mù ń gbà wọlé, gbà jáde lára sẹ́ẹ̀lì, fáìlì .mod la fi ń ṣàpèjúwe wọn. Ẹ̀rọ kò gbọ́ èdè fáìlì yẹn. Ó nílò ògbufọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpáílà.

Windows ló rọrùn jù. Ẹ fi Python, èdè tí a fi ń pàṣẹ fún NEURON, síbẹ̀ ná, kí ẹ wá daunlóòdù installer NEURON. Ògbufọ̀ wà nínú ẹrù rẹ̀. Ẹ má fi pip, irinṣẹ́ tí Python fi ń gbé sọ́fúwíà wọlé, dán an wò níbí.

Lórí Mac, ògbufọ̀ la ó kọ́kọ́ wá. Ẹ ṣí Terminal, fèrèsé tí a ti ń tẹ àṣẹ fún ẹ̀rọ, ẹ tẹ̀:

xcode-select --install

Dátà tó ń jẹ kì í ṣe kékeré. Òru ni mo máa ń ṣe é, nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já fáfá tí bátìrì sì kún. Lẹ́yìn náà:

pip3 install neuron

Lórí Ubuntu, ìyẹn ẹ̀yà Linux kan:

sudo apt install build-essential python3-venv
python3 -m venv yara
source yara/bin/activate
pip install neuron

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìlà kejì àti ìkẹta. Ubuntu tuntun kì í gbà kí pip wọ yàrá tirẹ̀. Àfi kí ẹ kọ́ yàrá ọ̀tọ̀ fún un.

Ó kù kí a dán an wò. Ẹ wọ fódà tí fáìlì .mod yín wà, ẹ tẹ nrnivmodl, àṣẹ tó ń gbé fáìlì .mod fún ògbufọ̀. Bí ẹ bá rí "Successfully created", ògbufọ̀ ti ṣiṣẹ́. Fódà tuntun á yọ níbẹ̀: x86_64, tàbí arm64 lórí Mac tuntun. Lórí Windows, nrnmech.dll ni ẹ ó rí.

Ọmọbìnrin kan láti Ìgbógbó rí gbogbo èyí, síbẹ̀ Python ń sọ fún un pé "argument not a density mechanism name", ìyẹn ni pé kò mọ ihò tí ó dárúkọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Mo wo fódà rẹ̀: Downloads ló ti tẹ nrnivmodl, Desktop ló ti ṣí Python, nítorí náà Python kò rí iṣẹ́ ògbufọ̀. A kó méjèèjì síbì kan. Ìlà tó ń fi iná ara sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ hàn lójú kọ̀ǹpútà dúró jẹ́ẹ́ ní -65 mìlífóltì, ó yí díẹ̀, ó sì ta sókè fíọ̀!